Omi Odò Tí Mo Gbé Sóòrùn Nílé Ìyá Onílé

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo kọ́kọ́ gbé abọ́ gíláàsì mẹ́rin sí àgbàlá ìyá onílé mi ní Ìbógùn. Mo rántí aago náà torí mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé aráyé máa bi mí léèrè lọ́jọ́ kan. Ọdún tí mo máa jáde ní yunifásítì ni, iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà ni mo ń kọ́. Omi odò ẹ̀yìn ilé, tí ìyá ń mu látìgbà tí ẹ̀rọ omi àdúgbò ti bàjẹ́, ló wà nínú abọ́. Ó pọ́n bíi tíì, torí ewé àti igi tó ń jẹrà sínú rẹ̀. Asẹ́ ò lè mú irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, ó ti yòrò mọ́ omi. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni láti bu ìyẹ̀fun kẹ́míkà funfun kan sí i. Bí oòrùn bá ti kan ìyẹ̀fun yẹn, á máa fọ́ ìdọ̀tí náà sí wẹ́wẹ́ títí omi á fi mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta, omi ò yí padà. Mo máa lọ sí kíláàsì láàárọ̀, mo máa dé nírọ̀lẹ́, á ṣì pọ́n. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, olùkọ́ wa ò wá, mo tètè padà sílé, mo bá ọmọrí ìkòkò lórí abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

“Màmá, ta ló dé omi yìí?”

“Èmi ni. Ojoojúmọ́ tí o bá ti jáde ni mò ń bá ọ dé e. Tí mo bá fẹ́ dáná alẹ́ ni mo máa ń kó ọmọrí mi. Ẹ̀ńjíníà tí ò mọ̀ pé a kì í ṣí omi sílẹ̀.”

Mo ṣàlàyé. Ó pẹ́ kí n tó ṣe tán.

“O ò kúkú sọ pé oòrùn lo fẹ́,” ni ìyá wí. “Àlàyé yìí ti pọ̀ ju omi lọ.”

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi tí mo máa ń rojọ́ fún gbogbo ayé, mi ò sọ fún ẹni tó ni àgbàlá. Látọjọ́ náà, ìyá ló ń lé ewúrẹ́, òun ló ń sún abọ́ kúrò lábẹ́ òjìji igi ìbẹ́pẹ. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí omi fi mọ́. Ó gbé ife wá, ó bi mí bóyá òun lè mu ún. Mo ní rárá o, àwọ̀ nìkan ló lọ, a ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò àrùn ṣì wà níbẹ̀.

“Ìgbà wo wá ni?”

“Tí mo bá jáde tán, Màmá, mo máa padà wá ṣe irú rẹ̀ ńlá fún yín, èyí tí ẹ máa lè mu.”

“Mo gbọ́.”

Mówè ni mo wà báyìí, mo ti jáde, mi ò tíì ríṣẹ́. Àárò àgbàlá yẹn ń sọ mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ: páànù tó ń gbóná, ohùn ìyá tó ń bá ewúrẹ́ jà. Ó máa ń pè mí. Á bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò dárúkọ omi rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ò ju abọ́ mẹ́rin lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ lọ́wọ́ òfo, kí n kúnlẹ̀, kí n sọ fún un pé mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ńlá? Àbí kí n dúró dìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Odò yẹn náà ni ìyá ṣì ń mu.