Ìjà Wàrà Tí Mo Gbé Lọ sí Bódìjà

Ọjọ́ ààwẹ̀ tí mo gbé ìgò wàrà sórí kọ́bọ́ọ̀dù láti àárọ̀ ni n kò lè gbàgbé. Ìwà òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa ń ṣe wàrà inú páálí nìyẹn. Nígbà tí a fẹ́ ṣínu, mo gbé e mu. Ó kan gógó. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ka kálímà, bẹ́ẹ̀ inú kò tilẹ̀ run mí.

Nígbà tí ikú kò dé, ìbínú dé. Mo gbé ìyókù wàrà náà dání, mo wọ bàtà tí kò bára mu dé Bódìjà, mo fi ọwọ́ lu káńtà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi májèlé ṣínu ni?"

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìgò ọwọ́ wọn padà. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́ òórùn wàrà mi.

"Àlàájì, ibo lẹ gbé e sí?"

"Orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ti inú páálí kì í bàjẹ́ níbẹ̀!"

"Iná tó le gan-an ni wọ́n fi se ìyẹn. Ó ń pẹ́ níta, àmọ́ ó ń dùn bí ohun tó fẹ́ jóná. Iná jẹ́jẹ́ la fi se tiwa, kó lè dùn bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù, fíríjì ló sì ń gbé. Ó wà lára ìgò. Ẹ kà á sókè, kí àwọn tí ẹ ń lé lọ lè gbọ́."