Mítà Ìmọ́lẹ̀ Tí Wọ́n Ní Mo Pa

Òórùn àdín ni ó kọ́kọ́ kí mi nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn mítà náà. Ojú fèrèsé ilé mi ní Ẹdẹ ni mo jókòó sí, tí mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jẹ́ ìdè rẹ̀. Ìpẹtà ni mo retí. Èmi kò retí àdín. Ohun tí àwọn onífọ́tò fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni mítà yìí, kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì tí a tò léra lọ, abẹ́rẹ́ kan sì wà nínú dígí rẹ̀. Àwọn bíríkìlà tó wó yàrá iwájú agboolé wa ni wọ́n rí i nínú agolo bisikíìtì. Ìyá Ràbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló fi í ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fi ń bú mi láti kékeré: "Ẹ gbé òkú náà fún Apamítà, kí ó lọ sin ín."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fóònù ya àwòrán, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí fún yín. Bàbá Onífọ́tò, baba Ìyá Ràbí, ló gbà mí tọ́, àwọn náà ló fi mí sí ilé ìwé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń ya àwọn ènìyàn: ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, alhájì tó na ọwọ́ síwájú kí kámẹ́rà lè rí aago rẹ̀. Kí wọ́n tó ya ènìyàn, wọn yóò na mítà náà sí i, wọn yóò di ojú kan, wọn yóò sì kéde bí adájọ́: "Ìmọ́lẹ̀ tó!"

Abẹ́rẹ́ náà gba ọkàn mi. Bí mo bá gbé e sí abẹ́ igi máńgòrò, yóò sùn. Bí mo bá gbé e sí oòrùn, yóò dìde bí ọmọ tó gbọ́ pé oúnjẹ ti jinná. Kò ní bátìrì. Mo bi Bàbá léèrè ohun tí ó ń jẹ. Wọ́n ní, "Ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ." Mo tún béèrè ibi tí ó ń yàgbẹ́ sí, wọ́n sì fi fìlà gbá mi lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá a máa ti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ àdín, wọn a sì kán an sí ihò kékeré tó wà lẹ́yìn mítà náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kán an sí kẹ̀kẹ́ ológeere wọn àti maṣíìnì ìránṣọ. "Kò sí irin tí kì í jẹ epo," ni wọ́n máa ń wí.

Ní òwúrọ̀ Iléyá kan, tí èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ tuntun, Bàbá gbé mítà sókè, abẹ́rẹ́ kò mira. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e sí oòrùn, òfo ni. Ọmọbìnrin wọn tí a ń pè ní Ìyá Ràbí lónìí nawọ́ sí mi lójú gbogbo èrò: "Òun ló fi í ṣeré lánàá!" Òótọ́ ni pé mo mú un dání. Bàbá kò nà mí. Wọ́n ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́, ọkọ́ ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti wà ní oko ní ìlú Ara. Kíláàsì kẹta ni ìwé mi mọ.

Nítorí náà, bí mo ti gbọ́ òórùn àdín yẹn lójú fèrèsé lẹ́yìn ọdún gbogbo yìí, mo gbé mítà náà tọ ọkùnrin kan tí ń tún aago ṣe lọ. Ó fi awò sójú, ó kígbe: "Bàbá, ta ló dín nǹkan yìí? Ẹ̀rọ ni àbí àkàrà?" Ó ṣàlàyé pé ìdí abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú kan epo, àdín ti dì níbẹ̀ bí oje igi, ó sì ti dè é mọ́lẹ̀.

"Bí ó bá jẹ́ pé ọmọdé ló jù ú sílẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Kò sí ibi tó sán. Ẹni tó ń bọ́ ọ ló pa á."

Ó fi sípíríìtì fọ ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ náà dìde. Kò dé òkè tán, ogbó ti mú lára agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dìde.

Ní ìpàdé ẹbí, mo gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo ilé, mo sì sọ ohun tí ọkùnrin aláago náà wí nípa àdín. Mo ní èmi kò béèrè ìtanràn; níwájú èrò ni a ti dá mi lẹ́bi, níwájú èrò ni kí a ti dá mi láre. Ìyá Ràbí wo abẹ́rẹ́ náà títí. "Àdín tí èmi ń bù wá fún wọn?" ni wọ́n wí, wọ́n sì fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, wọ́n dìde. "Ẹ gbọ́ o. Àbúrò mi kọ́ ló bà á jẹ́. Àwa ni."

Yàrá iwájú agboolé ti wó, fóònù sì ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi kò bínú sí Bàbá mọ́. Ìtọ́jú ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìdè mẹ́rin péré ló wà lẹ́yìn mítà náà. Ní ọjọ́ Iléyá yẹn, gbogbo wa wà níbẹ̀, àgbà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì sí ẹnìkan tó ní kí a tú u wò. Èyí ló ń dùn mí ju ọkọ́ lọ.