Ẹ Kú Ìdúró, Bùọ̀dá

Àbúrò ọkọ mi kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kí èèyàn. Á kàn yí gíláàsì wálẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ tí àwa agbálẹ̀ ọsibítù daṣẹ́ sílẹ̀, tí a dúró sẹ́nu géètì, tó fi ọkọ̀ kó àwọn tó wá gba iṣẹ́ wa kọjá níwájú wa. Ó pariwo pé, "Ìyàwó wa, ẹ kú ìdúró o!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ṣe tíṣà nílé kí n tó wá sílùú òyìnbó, iṣẹ́ agbálẹ̀ náà tún bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó di awakọ̀ tí ń fi fóònù wá èrò, á fọwọ́ gbá fóònù náà pẹ́pẹ́, á ní, "Ọ̀gá mi nìyí. Kì í bá mi jà." Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá inú fóònù náà tì í síta láìsọ ìdí, kò lè gbé èrò mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn awakọ̀ ń dìbò bóyá kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa gbẹnu sọ fún wọn. Òun kò lè dìbò mọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ nìkan ló lè gbèjà rẹ̀ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo bá a ní òpópónà Heathway nínú òjò, tó ń bẹ àwọn awakọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìbò fún ẹgbẹ́."

Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tọ́jú dè é láti ọjọ́ yìí wá: "Bùọ̀dá, ẹ kú ìdúró o!"

Ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ ṣé o, ìyàwó wa. Ẹ̀yin nìkan lẹ kí mi láti àárọ̀."

Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ rántí.