Ọjọ́ Tí Àpótí Ìsàba Kọ̀ Tí Kò Jí

Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Á ní "tíì," á dákẹ́, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jí, á tún ṣókùnkùn, á tún ní "tíì." Mo ti ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn mi, mo sì rò pé ẹyẹ kan ló ń ké lórí páànù, àfi ìgbà tí ìyá ọkọ mi kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ní, "Ìyàwó, jọ̀ọ́ wá wo nǹkan yìí. Ó ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n kò gbóná."

Mi ò tíì pẹ́ nílé ọkọ nígbà náà, ní Ayétòrò. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ìbèsè, ó lè pẹ́ lójú ọ̀nà kí á tó tún fojú kàn án, nítorí náà èmi, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin la jọ ń gbé. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, Eyínfúnjowó ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi yìí, torí pé ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Irun ló ń ṣe lẹ́bàá ọjà. Ní tèmi, mo kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìlaròó, mo sì rí i dájú pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí fóònù ẹnikẹ́ni bá daṣẹ́ sílẹ̀, kó tó ròyìn tán ni màá ti nawọ́, màá ní, "Ẹ gbé e wá." Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé bátìrì ló kú, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ àpótí náà sílẹ̀. Gàrí ni ìyá ọkọ mi fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn dín, ẹ̀fín rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba ojú wọn jẹ́. Mo sọ fún wọn pé àwọn ará Ìjòún àti Ìlobì tó ń sin tòlótòló ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn pa ẹyin, pé ẹ̀rọ kan wà tó ń sàba lé ẹyin bí adìẹ, tí kì í sì í sú u. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ lo kàwé." A wá ọkùnrin kan lọ sí Kétu, lẹ́yìn bọ́dà, ó kan àpótí náà fún wa. Ní òwúrọ̀ tí mò ń sọ yìí, ẹyin tòlótòló ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹyin ẹlòmíràn tó lówó lórí, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n pa. Bí ẹyin wọ̀nyẹn bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ẹyin wá fún wa mọ́, ìdí ẹ̀fín ni ìyá ọkọ mi yóò padà sí. Wọ́n kàn ń nu ojú wọn pẹ̀lú etí ìborùn.

Mo pa ẹ̀rọ náà, mo tún un tàn, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó níwèé ẹ̀rí. "Tíì." Mo tún un pa.

Inú àpótí náà ni kọ̀ǹpútà kékeré kan wà, kò ju páálí ìṣáná lọ. Òun ló ń tan gílóòbù tó ń mú ẹyin gbóná, òun ló ń pa á bí ooru bá pọ̀ jù, òun náà ló ń yí ẹyin bí adìẹ ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ yí i. Ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà lórí mẹ́mórì káàdì, irú èyí tí à ń fi sínú fóònù. Bí iná bá ti dé, káàdì yẹn ló kọ́kọ́ ń kà kó tó rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bí kò bá rí i kà dópin, á kú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Eyínfúnjowó bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé a ò kàn lè so gílóòbù yẹn mọ́ iná ní tààrà?"

Mo ní, "A lè so ó o, ṣùgbọ́n ẹyin sísè lẹ ó fi jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án."

Ìyá ọkọ mi kò dá sí àwa méjèèjì. Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n rọ ọ́ sínú àwọn ike, wọ́n fi aṣọ wé wọn, wọ́n tò wọ́n sáàárín ẹyin, wọ́n sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí náà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á mú ẹyin kan, wọ́n á fi kan ìpéǹpéjú wọn, wọ́n á ní, "Èyí ń fẹ́ ooru." Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ síta, wọ́n ké sí àwọn aládùúgbò pé ẹni tí adìẹ rẹ̀ bá ń sàba kó jọ̀wọ́ gbé e wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí a tó ṣẹ́jú, adìẹ ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú agbọ̀n, wọ́n ń wo ẹyin tòlótòló tí a tì sábẹ́ wọn bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ àlejò lé lọ́wọ́. Méjì nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ìjà. A ní láti fi aṣọ bo agbọ̀n ọ̀kan.

Èmi ní tèmi pe ọkùnrin Kétu. Yorùbá rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n Faransé máa ń já wọ̀ ọ́ bí òkúta inú ẹ̀wà. Ó ní, "Ma sœur, arábìnrin mi, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ba káàdì yẹn jẹ́. Wá káàdì tuntun, màá fi ohun tí wàá kọ sí i ránṣẹ́." Mo gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, mo ra káàdì kan tí páálí rẹ̀ ń dán. Nígbà tí ohun tó fi ránṣẹ́ dé tán, mo fi láptọ́ọ̀pù mi kọ ọ́ sórí káàdì náà, mo tì í bọ inú àpótí. Ọ̀rọ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú ẹ̀rọ. Mo ti yíjú sẹ́yìn láti rẹ́rìn-ín sí ìyá ọkọ mi kí n tó gbọ́ "tíì" lẹ́yìn mi.

Mo tún un kọ. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo gbé e kúrò lórí iná ìjọba, mo tan jẹnẹrétọ̀ sí i. Mo pe ọkùnrin Kétu, mo sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó tà mí ní ọjà burúkú; ó ní "d'accord, d'accord," pé òun ti gbọ́, ó ní ohun kan náà lòun ń lò lọ́dọ̀ òun, ó sì ń ṣiṣẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Oòrùn ti ń yí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àpótí náà, ojú ń tì mí, mo sì ń ronú ohun tí wọn yóò máa pè mí ládùúgbò.

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ náà kì í kú níbikíbi tó bá wù ú. Orí ìlà ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kú sí ní gbogbo ìgbà. Èyí kò jọ ìwà wáyà. Mo yọ káàdì náà, mo ní kí láptọ́ọ̀pù ka ohun tí mo kọ sórí rẹ̀ padà fún mi, kó fi wé èyí tó ti Kétu wá. Ìbẹ̀rẹ̀ bára mu. Láti ibì kan lọ, òfìfo. Káàdì náà gbà gbogbo ohun tí mo fún un, ó ní òun ti gbé e mì, kò sì gbé e mì. Iye àyè tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn kọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Mo ń wá bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí ìyá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé bí kọ́ńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ni? Àwọn tó ń fi wọn gàrí fún ni lọ́jà? Wọ́n wá ń ṣe ti kọ̀ǹpútà náà!" Ẹ̀rín náà mú mi, ó mú Eyínfúnjowó, àwọn adìẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

A kò lè padà sọ́jà lọ ra kọ́ńgò títẹ̀ mìíràn. Ìyá ọkọ mi tú fóònù wọn, wọ́n yọ káàdì inú rẹ̀ fún mi. Wàásù àti orin asalátù ló kún un, èyí tí wọ́n fi ń dín gàrí láti ọdún pípẹ́.

Mo ní, "Màámi, gbogbo rẹ̀ ni màá pa rẹ́ o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kó wọn pamọ́."

"Kó wọn bí o bá lè kó wọn. Bí o ò bá lè kó wọn, àlùfáà á dúró. Ẹyin ò lè dúró."

Mo kó wọn pamọ́. Mo kọ ohun tó ti Kétu wá sí i, mo sì tún un kà padà kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó bára mu dópin. Mo tì í bọ inú àpótí. "Tíì." Ọ̀rọ̀ ń sáré. Ó dé ìlà tó máa ń kú sí, ó dúró, èmi náà dúró. Ó kọjá. "Bienvenue," ẹ káàbọ̀, ló hàn gàdàgbà lójú ẹ̀rọ, gílóòbù tàn wàì, Eyínfúnjowó sì fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ dojú agbọ̀n kan dé. Adìẹ inú rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde.

Ìyá ọkọ mi dì mọ́ mi. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n sì sáré lọ wo ẹyin.

A kó ẹyin padà sínú àpótí, àfi ti adìẹ kan tó kọ̀ jálẹ̀, tó ń ṣá wa lọ́wọ́. A fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn ẹyin kan kò pa. A kò mọ̀ bóyá òtútù ọjọ́ yẹn ni, tàbí wọn kò lọ́mọ nínú láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù pa, àwọn tó ni wọ́n sì tún gbé òmíràn wá. Adìẹ olóríkunkun náà kó tirẹ̀ jáde, ó ń wo ọrùn gígùn wọn, ó sì ń kó wọn rìn kiri.

Lónìí, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń tún ṣe jẹun, ó sì máa ń yá mi lẹ́nu bí mo ṣe ń pẹ́ kí n tó sọ pé nǹkan kan ti kú. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn jù lọ ni ọ̀sán kan lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, tí ìyá ọkọ mi pè mí sídìí àpótí, tí wọ́n gbé ẹyin kan sí mi létí. Kò tíì sán. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ohùn kan tín-ín-rín ń ké nínú rẹ̀, ó ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, a sì dúró síbẹ̀, èmi àti ìyá, à ń gbọ́ ọ.