Róbọ́ọ̀tì Tí Kì í Kọjá Èèyàn

Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo Oǹdó mọ róbọ́ọ̀tì náà. Tíṣà Reuben, olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, ti búra fún ìjọ pé róbọ́ọ̀tì òun yóò dá gbé iṣu dé ibi pẹpẹ. Kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ náà kò ga ju àpótí ìjókòó lọ. Táyà mẹ́ta. Ojú méjì bí ìdérí ìgò. Tíṣà ti kọ́ ọ pé bí èèyàn bá wà níwájú, kó dúró títí ọ̀nà yóò fi ṣí.

Àmọ́ Tíṣà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, òun ló sì kọ́ ìdajì ìlú níwèé. Ta ni yóò rí i tí kò ní jáde wá kí i? Ẹnì kan kúnlẹ̀, ẹ̀rọ dúró. Ẹlòmíràn dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rọ dúró. Akọrin kọ orin mẹ́rin tán, iṣu kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

"Tíṣà, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" ni àlùfáà béèrè.

"Kò bàjẹ́, sà. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé ni."

Wúrà, àlejò kan nínú ìjọ, rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà. Àkúrẹ́ ló ti wá. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, ọdún tí epo bẹntiróò wọ́n bí ojú. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ gba èèyàn méjìlá péré: àwọn tí róbọ́ọ̀tì wọn bá lè dá rìn láti ògiri dé ògiri. Wúrà kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Ó bẹ Tíṣà. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé, bọ́ọ̀sì Oǹdó.

Ẹ̀kọ́ kìíní kò ní ẹ̀rọ nínú. Tíṣà fi gèlè ìyàwó rẹ̀ di Wúrà lójú.

"Rìn dé ìdí ọsàn yẹn."

"Mi ò ríran, sà!"

"Ẹ̀rọ náà kì í ríran bí èèyàn. Ka ìṣísẹ̀ rẹ. Níbo lo wà? Níbo lò ń lọ? Kí ló wà láàárín?"

Ní ìṣísẹ̀ kẹtàdínlógún, Wúrà bọ́ sínú kòkó tí Màmá Oyèbọ́lá, ìyàwó Tíṣà, sá sórí ẹní.

"Reuben!" ni Màmá ké láti ilé ìdáná.

"Má bínú, Oyè. A kò tíì ya kòkó rẹ sínú àwòrán ọ̀nà wa."

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rọ tí Wúrà fúnra rẹ̀ tò rì sínú yanrìn. Táyà ń yí, ẹ̀rọ kò kúrò lójú kan, ó sì ń ka gbogbo yíyí náà mọ́ ìrìn.

"Wò ó," ni Tíṣà wí, "ó rò pé òun ti dé Ìgbàrà-Òkè." Wúrà fẹ́ gbé e. Tíṣà gbá a lọ́wọ́. "Má gbé e! Kọ́ ọ kó máa wo ògiri pẹ̀lú. Ẹni tó bá gba táyà nìkan gbọ́ yóò ṣìnà."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò wáyé, Tíṣà sùn, kò jí mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Wúrà gbé róbọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Ẹ̀rọ rìn díẹ̀, táyà rẹ̀ yọ̀, ó dúró. Ọwọ́ ń yún Wúrà. Kò gbé e. Ẹ̀rọ wo ògiri ọ̀tún. Ó wo tòsì. Ó yà díẹ̀, ó bọ́ sọ́nà, ó dé.

Ìyáàfin Olúrántí tó ń ṣe ìdánwò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ àwọn méjìlá. "Ta ló kọ́ ọ?"

Wúrà lanu, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rín ṣáá, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná, mà," ló wí. "Bàbá kan wà l'Óǹdó."