Ohun Tí Oníwàásù Wa Fi Ń Gbé Kẹ̀kẹ́ Kọ́

Mi ò lè gbọ́ ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ kí n má rántí oníwàásù ìjọ wa ní Èjìgbò. Kẹ̀kẹ́ tí ìjọ fún wọn ni wọ́n ń gùn lọ wàásù ní ìlú Ara lọ́jọ́ Ìsinmi, torí ìjọ ibẹ̀ kò ní oníwàásù mìíràn. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá bàjẹ́, wọn kì í dà á dorí kodò tún ṣe bíi ti àwọn yòókù.

"A kì í dojú ẹrù Olúwa dé," ni wọ́n máa ń wí.

Nígbà tí bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tún un ṣe ba ẹ̀yìn wọn jẹ́, wọ́n wá ohun tí wọn yóò máa fi gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ nílé bí wọ́n bá ń tún un ṣe. Owó èyí tí wọ́n fi irin ṣe kọjá agbára wọn. Wọ́n fara ti èyí tí káfíńtà kọ́kọ́ fi igi kàn fún wọn láti dán an wò, ó yẹ̀.

"Baba, ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ fẹ́ gbé kọ́ àbí ẹ̀yin fúnra yín?" ni káfíńtà wí.

"Èyí tí kò bá lè gbé mi, kò lè gbé ẹrù Olúwa."

Káfíńtà wá fi igi ìrókò ara ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì tó ti kán ṣe òmíràn. Ìyẹn kò mì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹsẹ̀ Baba wú, wọn kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́. A kò rí arọ́pò. Ìjọ Ara tú ká.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ kí wọn, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń bá wọn, níwájú kẹ̀kẹ́ tó rọ̀ sórí igi tí káfíńtà kàn. Wọ́n á fọwọ́ yí pẹ́dàlì, táyà á máa pòòyì lófuurufú.

"Ó ṣì lè dé Ara," ni wọ́n á wí.