Símẹ́ǹtì Funfun Tí Ìyá Badru Ń Lẹ̀

Ẹ̀rù ilé yẹn ti ń bà mí tipẹ́, torí ọ̀ọ́kán rẹ̀ gan-an ni mo ti ń lọ aṣọ ní ìlú Zifta, ní Íjíbítì. Ará Gíríìkì kan tó ni ilé iṣẹ́ òwú ló kọ́ ọ. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di àgọ́ ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà ó di ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Gbogbo ẹni tó wọlé ló jáde, àfi Ìyá Badru tó ń gbálẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ ló bí Badru sí, ibẹ̀ ló sì ti ń tọ́ Nagwa, ọmọ tí Badru fi sílẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ògiri lanu, ẹnjiníà lẹ símẹ́ǹtì funfun mọ́ ọn, ó kọ déètì sí i. Ó ní, "Bí èyí bá sán, ilé ṣì ń là nìyẹn. A máa tì í pa."

Wọ́n á tì í pa kẹ̀! Níbo ni Ìyá Badru fẹ́ gbà? Bí símẹ́ǹtì bá ti sán, á ha á kúrò, á lẹ òmíràn, á ya déètì àtijọ́ sí i bí ẹni ya àwòrán.

Mo ní, "Ìyá Badru, ilé yẹn á pa yín!"

"Bàbá Hamdi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu yín tu omi sáṣọ tí ẹ ń lọ̀."

Ẹnjiníà padà wá. "Kò sán. Ilé yìí le." Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Siham, olórí àwọn tíṣà, kó kíláàsì Nagwa sí yàrá tó fara ti ògiri náà.

Ìyá Badru sáré lọ wo ògiri. Símẹ́ǹtì tó lẹ̀ láàárọ̀ ti tún sán. Ó já agogo ilé ìwé gbà, ó ń lù ú kíkankíkan.

"Ẹ kó wọn jáde! Irọ́ ni símẹ́ǹtì yẹn! Èmi ni mò ń lẹ̀ ẹ́!"

Àǹtí Siham ní, "Ìyá Badru, ṣé ara yín yá?"

Ni Ìyá Badru bá fi òòlù lu ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ògiri dé ọrùn ọwọ́. Áà! Gbogbo wọn sá jáde.

Wọ́n fi àgádágodo ti ilé náà, tòun ti yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Ṣọ́ọ̀bù mi ni Ìyá Badru àti Nagwa jókòó sí.

Nagwa ní, "Màmá, kò kúkú tíì wó. Ṣé a ò lè sùn níbẹ̀ lónìí péré?"

Ìyá Badru di ọwọ́ ọmọ náà mú pinpin, kò sì jẹ́ kó dìde.